Mò ń ṣiṣẹ́ Olúwa, àmọ́ inú mi ti gbẹ: ìdáhùn fún arábìnrin kan ní Mówé

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò:

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mówé ni mò ń gbé, Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jáde nílé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wà ní kúáyà, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé, wọ́n tún ti fi mí sí wẹ́fíà. Wednesday Bíbélì stọ́dì, Thursday ríhásà, Friday tó bá parí oṣù fijíìlì, Saturday ríhásà lẹ́ẹ̀kan sí i, Sunday láti aago méje títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí mi ò gbàdúrà tèmi fúnra mi. Tí mo bá ń kọrin, ẹnu mi nìkan ló ń kọrin. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni torí wọ́n á ní ọ̀tá ló ń bá mi jà, tàbí kí wọ́n ní mo ti ń fà sẹ́yìn. Ṣé Ọlọ́run á bínú tí mo bá sinmi? Àbí mi ò ní ìgbàgbọ́ mọ́ ni?"

Ọmọ mi, o kú làálàá, o sì kú ìfaradà. Ìbéèrè tó o fi kádìí ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn torí mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. O ṣì ní ìgbàgbọ́. Ẹni tí ìgbàgbọ́ ti tán lọ́wọ́ ẹ̀ kì í da ara ẹ̀ láàmú pé òun ò rí àdúrà gbà, kò tiẹ̀ ní rántí pé nǹkan kan sọnù. Bó ṣe ń dùn ẹ́ yẹn, ẹ̀rí ni pé ọkàn ẹ ṣì wà láàyè, ebi ló ń pa á. Àwọn wọ́kà tó máa ń wá bá mi fún ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ wọn jọ tìẹ gan-an, ẹlòmíì lè jẹ́ ọ́ṣà, ẹlòmíì lè jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ pàápàá, gbogbo wọn ló máa ń rò pé àwọn nìkan ló ń ṣe.

Kí n tètè sọ ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí wà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì lo wà ní ọjọ́ tó pọ̀ jù láàárín ọ̀sẹ̀, èèyàn yí ẹ ká, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ tó mọ bí ọkàn ẹ ṣe wà. Wọ́n mọ ohùn ẹ, wọ́n mọ̀ pé o máa ń tètè dé, wọ́n ní nọ́ńbà ẹ lórí fóònù fún ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pín ìrẹsì wẹ́fíà. Wọ́n mọ ohun tó o lè ṣe, wọn ò mọ̀ ẹ́. Mo máa padà síbẹ̀ torí òun ni olórí ọ̀rọ̀, àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú ara ẹ ná, torí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ara ló kọ́kọ́ máa ń tọ́jú.

Mú Bíbélì ẹ, ka Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Ìyẹn Èlíjà. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ọ̀run ní orí 18 ni o, òjò sì rọ̀, ó sì sáré níwájú kẹ̀kẹ́ Áhábù títí dé Jésíréélì, iṣẹ́ Olúwa ò lè gbóná jùyẹn lọ. Ẹsẹ díẹ̀ sí i, Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ sí i pé òun á pa á, ó sá. Nígbà tó dé Bíá-Ṣébà ó fi ìránṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan wá wọ inú aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní ó tó, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Ó wá sùn. Áńgẹ́lì tó wá bá a ò wàásù fún un. Kò bi í pé ìgbà wo lo gbàdúrà kẹ́yìn. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní dìde, jẹun, àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹ̀yinná wà níbẹ̀ àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn padà, áńgẹ́lì yẹn ò sì bá a wí pé kí ló dé tó tún sùn. Ó jẹ́ kó sùn tẹ́rùn, ó tún jí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ní dìde, jẹun, torí ọ̀nà náà jìn fún ọ. Ẹ̀yìn oúnjẹ yẹn ló rin ogójì ọjọ́ dé òkè Hórébù, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti wá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Oorun àti oúnjẹ ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dé, Èlíjà ní òun nìkan ló kù, Ọlọ́run ní rárá o, ẹgbẹ̀rún méje èèyàn ṣì wà fún òun ní Ísírẹ́lì, ó sì ní kó lọ wá Èlíṣà. Ẹni tó fi ìránṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Bíá-Ṣébà, ìgbà tó fi máa kúrò lórí òkè, ẹnì kejì ni Ọlọ́run fún un.

Jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò tìẹ. Kó o tó lè jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó máa tó aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó o ti jí. Àwọn dókítà sọ pé ó kéré tán, àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje lóru. Ìyẹn ni pé aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó o ti sùn lọ. Lọ́jọ́ Wednesday àti Thursday, aago yẹn o ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì o lè ṣì wà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ní Kárà. Wá fi fijíìlì kún un, wá fi ààwẹ̀ kún un. Tí èèyàn tó ń sun wákàtí mẹ́rin bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà tí oorun gbé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹ̀mí oorun ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo gbà pé ogun ẹ̀mí wà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, àmọ́ kí á tó pe ọ̀tá lórúkọ ká kọ́kọ́ ka wákàtí tí èèyàn fi sùn. Ààwẹ̀, mo ní kó o dá a dúró ná. Ìrìn àjò wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ láìjẹun, o ti ń gba ààwẹ̀ tó pọ̀ ju ti Ọlọ́run lọ.

O ní ṣé Ọlọ́run á bínú. Mo mọ ẹsẹ Bíbélì tó wà lọ́kàn ẹ, torí òun ni wọ́n máa ń kà ní mítíìnì wọ́kà: ìfibú ni fún ẹni tó fi ìmẹ́lẹ́ ṣe iṣẹ́ Olúwa. Jeremáyà 48:10. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń lo ẹsẹ yẹn. Lọ ka gbogbo orí yẹn láti òkè, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ ìdájọ́ lórí ilẹ̀ Móábù ni, ogun ni wọ́n ń sọ, apá kejì ẹsẹ yẹn tí wọn kì í kà sọ pé ìfibú ni fún ẹni tó fa idà ẹ̀ sẹ́yìn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ló kan ríhásà Saturday? Kí ló kan obìnrin tó rẹ̀? Ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ ẹ mu wà nínú Ẹ́kísódù orí 18, níbi tí Mósè ti jókòó láti àárọ̀ títí di alẹ́ tó ń dá ẹjọ́ àwọn èèyàn. Jẹ́tírò bàbá ìyàwó ẹ̀ wá kí i, inú ẹ̀ dùn sí gbogbo oore tí Olúwa ṣe fún Ísírẹ́lì, ó rúbọ sí Ọlọ́run, ó bá wọn jẹun. Lọ́jọ́ kejì ló rí bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ lọ́wọ́ Mósè, ó wá là á mọ́lẹ̀ fún un pé ohun tó ń ṣe yẹn ò dáa, á dá ara ẹ̀ lágara, òun àtàwọn èèyàn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ṣó o rí i, iṣẹ́ Ọlọ́run gan-an ni Mósè ń ṣe o, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, síbẹ̀ bàbá yẹn ní kò dáa. Mósè ò pè é ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ó gbọ́ràn, ó yan àwọn olórí lórí ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta, títí dé orí ẹni mẹ́wàá mẹ́wàá.

Jésù náà ńkọ́? Máàkù 6:31. Àwọn àpọ́sítélì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde ìwàásù dé, wọ́n ń ròyìn ohun tí wọ́n ṣe, ó ní kí wọ́n wá sí apá kan níbi tí kò sí èèyàn kí wọ́n sinmi díẹ̀, torí àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ pọ̀ débi pé wọn ò ráyè jẹun. Èrò ṣì sáré tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀ o, Jésù sì ṣàánú wọn, ó kọ́ wọn, ó bọ́ wọn. Àmọ́ kò gbàgbé ìsinmi yẹn. Lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n jẹun tán ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ wọ ọkọ̀, ó tú èrò ká, òun náà gun orí òkè lọ gbàdúrà. Mò ń sọ èyí torí o máa gbìyànjú láti sinmi, ẹnì kan á sì pè ẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn gan-an pé wọn ò rí kọ́kọ́rọ́ stóò wẹ́fíà. Dá a lóhùn tó bá pọn dandan, kó o wá padà síbi ìsinmi ẹ.

Ó yá, ká wá sórí èèyàn.

Ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1742, àwọn Mẹ́tọ́díìsì jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé tí wọ́n kọ́. Wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa san án, Captain Foy dìde láàárín wọn, ó ní kí kálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní tálákà ló pọ̀ níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi mọ́kànlá nínú àwọn tó tòṣì jù sábẹ́ òun, òun á máa lọ gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò bá ní, òun á san ti onítọ̀hún. Bí àwọn líídà yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì nítorí pẹ́nì, wọ́n wá ń rí ohun tí wọn kì í rí nínú ìsìn: ilé tí tọkọtaya ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, ilé tí wọ́n ti ń mutí, ẹni tí ìbànújẹ́ ti fẹ́ pa. John Wesley, olórí àwọn Mẹ́tọ́díìsì, rí i pé ohun tí òun ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn. Bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èèyàn bíi méjìlá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí kálukú sọ bí ọkàn ẹ̀ ṣe wà. Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ẹ̀, ní 1842, ni míṣọ́nnárì wọn, Thomas Birch Freeman, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, kíláàsì yẹn sì bá àwọn Mẹ́tọ́díìsì wọ ilẹ̀ wa. Wọ́n ṣì ní i títí dòní, wọ́n ṣì ní líídà kíláàsì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé níbòmíràn owó kíláàsì nìkan làwọn èèyàn ń rántí mọ́, ó sì dùn mí, torí owó yẹn ni ìdí tí wọ́n fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, ohun tí wọ́n bá nínú ilé ló ṣe pàtàkì.

Wo tiwa náà. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn CAC, ìyẹn Christ Apostolic Church, Òkè-Oyè ní Iléṣà ní 1930 ni gbogbo wa máa ń rántí, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ogunlọ́gọ̀ èèyàn, àwọn aláìsàn, omi ìyè. Àmọ́ lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ń pa èèyàn káàkiri, àwọn díẹ̀ kan ti ń kóra jọ gbàdúrà nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Wọn ò pọ̀. Ẹ̀rù ikú ló kó wọn jọ, wọ́n jọ ń gbààwẹ̀, wọ́n jọ ń bẹ ara wọn wò, gbòǹgbò tí CAC ti hù wá sì nìyẹn. Àwọn tí mo mọ̀ tí ìgbàgbọ́ wọn kọjá nínú iná tí kò jó run, bíi ti àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde yẹn ni, èèyàn mẹ́ta, èèyàn márùn-ún ló wà lẹ́yìn wọn. Ìsìn ńlá dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, mo fẹ́ràn ká jọ kọrin ká jọ pariwo Halleluyah. Ṣùgbọ́n nínú ìsìn ńlá, èèyàn lè fara pa mọ́ fún ọdún mẹ́wàá, àgàgà tó bá wọ rọ́ọ̀bù kúáyà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o wá èèyàn méjì, tàbí mẹ́ta tó bá pọ̀ jù, obìnrin bíi tìẹ. Kì í ṣe grúùpù WhatsApp o. Grúùpù tó ní igba èèyàn, tí wọ́n ń fi sáàmù ránṣẹ́ ní àárọ̀ tí gbogbo yín ń dáhùn ní "Àmín", kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ níbẹ̀ pé "ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè gbàdúrà mọ́." Ẹni tó ò ń wá ni ẹni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kó tó fèsì. Wò ó bóyá ó ti sọ àṣírí ẹlòmíì fún ẹ rí. Tó bá ti sọ ọ́, á sọ tìẹ náà. Wò ó bóyá òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún un. Ẹni tí ayé ẹ̀ ò ní ìṣòro rárá láti January dé December, má lọ bá a. Ẹni tó jẹ́ pé bó o bá ti lanu báyìí ni yóò dìde tí á máa de ẹ̀mí èṣù, òun náà ìfẹ́ ló ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe òun lo nílò báyìí. Kò pọn dandan kó jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì yín ló wà. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ wà ní fẹlóṣíìpù nígbà tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì, ó lè jẹ́ ìyá kan nínú bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ jọ máa ń wọ̀ láràárọ̀.

Àkókò ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyẹn ló kù tó o máa bi mí. Ìṣẹ́jú ogójì lọ́sẹ̀ ti tó, lórí fóònù nígbà tó o bá wà nínú ọkọ̀ tàbí lójúkojú lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn dípò mítíìnì. Kí kálukú dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo ni ọkàn ẹ lọ́sẹ̀ yìí? Kẹ́ ẹ gbọ́ ara yín. Kẹ́ ẹ gbàdúrà kúkúrú fún ara yín, kẹ́ ẹ dárúkọ nǹkan tí ẹnì kejì sọ gan-an, kẹ́ ẹ má yà sórí orílẹ̀-èdè. Jákọ́bù 5:16 ní ká jẹ́wọ́ fún ara wa ká sì gbàdúrà fún ara wa. Àwa máa ń ṣe apá kejì dáadáa, apá àkọ́kọ́ ló máa ń ni wá lára, ó sì máa ń yà wá lẹ́nu pé apá kejì ò mú wa lára dá.

Ẹ̀rù lè bà ẹ́ pé o ò ní nǹkan kan tó o máa mú wá síbẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máàkù orí 2, ọkùnrin alárùn ẹ̀gbà yẹn, àwọn mẹ́rin ló gbé e, wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Bíbélì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Wọn. Kò sọ fún wa pé ẹni tó wà lórí ẹní yẹn ń gbàdúrà, kò tiẹ̀ sọ pé ó sọ̀rọ̀ kankan. Bóyá ìgbàgbọ́ tiẹ̀ ti kéré bíi tìẹ lásìkò yẹn, bóyá ó ti sú u pàápàá. Ohun tí àwọn mẹ́rin yẹn gbà gbọ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Jésù. Mo rí i lára àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ pé èyí ló máa ń ṣòro jù fún àwọn wọ́kà. Ó ti mọ́ yín lára kẹ́ ẹ máa di ẹní mú, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn sórí ẹ̀. Ìwọ tó ò ń pín ìrẹsì wẹ́fíà, tí ọmọ ẹ bá ń ṣàìsàn, ta ló máa gbé ọbẹ̀ wá fún ẹ? Tí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ wá bá ẹ fọ aṣọ lọ́jọ́ Saturday, má sọ pé "ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà". Sọ pé "ẹ ṣé, ẹ wá."

Ní ti àdúrà tìẹ fúnra ẹ. Mi ò fẹ́ kó o padà sí wákàtí méjì tó o ń gbà nígbà tó o ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáàmù kan, nínú bọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé oníwàásù inú mọ́tò lè máa pariwo lójú ọ̀nà láàárọ̀, kí Ọlọ́run bù kún un, fi íyápíìsì sétí, Bíbélì Yorùbá tí wọ́n kà sórí fóònù wà, gbọ́ ọ. Àwa Yorùbá fẹ́ràn sáàmù, àmọ́ fún ogun la máa ń lò ó jù, a mọ Sáàmù 35 àti 109 bí ẹni mowó. Àwọn tí mo fẹ́ kó o kà báyìí ni sáàmù ẹkún. Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré, Dáfídì ń bi Olúwa pé yóò ti pẹ́ tó, ṣé títí láé ni yóò gbàgbé òun ni. Sáàmù 42, ẹni tó kọ ọ́ ń bá ọkàn ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bi í pé kí ló dé tí orí ẹ̀ fi tẹ̀ ba. Tó o bá wo ẹsẹ kẹrin wàá rí i pé ẹni tó ti máa ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sílé Ọlọ́run pẹ̀lú orin àti ìyìn rí ni, kúáyà bíi tìẹ. Sáàmù 88 wá le jù, igbe ló fi bẹ̀rẹ̀, òkùnkùn ló fi parí, kò sí "ṣùgbọ́n èmi ó yìn ọ́" níbi kankan nínú ẹ̀. Síbẹ̀ inú Bíbélì ló wà. Ọlọ́run gba àdúrà yẹn wọlé bó ṣe wà, kò ní kí ẹni tó kọ ọ́ lọ fi ìyìn kún un kó tó gbé e wá. Tí o ò bá ní ọ̀rọ̀ tìẹ, ka ti wọn. Tí omi bá bọ́ lójú ẹ ní Third Mainland Bridge, jẹ́ kó bọ́.

Lálẹ́, kó o tó sùn, dárúkọ nǹkan kan tó dáa tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn àti nǹkan kan tó dùn ẹ́, sọ méjèèjì fún Ọlọ́run, kó o sùn. Ìyẹn nìkan. Má ṣe wo àdúrà òru orí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò yìí, aago méjìlá òru jẹ́ aago oorun fún ẹ.

Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ ló kù. Lọ bá a lójúkojú, má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, má sì ṣe lọ lọ́jọ́ Sunday tí èèyàn márùn-ún ń dúró dè é. Sọ ọ́ bó ṣe rí: "Dádì, ó ti rẹ̀ mí nínú ara àti nínú ẹ̀mí. Mo fẹ́ gba ìsinmi oṣù mẹ́ta nínú iṣẹ́ kúáyà àti wẹ́fíà. Mi ò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, màá máa wá, mo fẹ́ jókòó kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run." Mú orúkọ ẹni tó lè gba iṣẹ́ yẹn dání, kó o sì dárúkọ ọjọ́ tó o máa fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, torí ìsinmi tí kò ní ọjọ́ kì í bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó o di kíláàsì àwọn ọmọdé mú torí nínú lẹ́tà ẹ gígùn òun nìkan ló o sọ̀rọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, àmọ́ kó jẹ́ Sunday méjì lóṣù. Tó o bá rí i pé òun náà ti wúwo jù, fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta yẹn, di ọmọ ìjọ lásán, jókòó sẹ́yìn, jẹ́ kí wọ́n kọrin fún ẹ.

Àwọn kan á sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á ní o ti tutù. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ tí mo mọ̀ máa gbọ́ ọ, inú wọn á tiẹ̀ dùn pé o sọ ọ́ kó tó di pé o ṣubú, torí ó ń rẹ àwọn náà, wọn ò rí ẹni sọ ọ́ fún ni. Tí tìẹ bá kọ̀, mú àgbà kan nínú ìjọ dání kó o padà lọ. Tó bá ṣì kọ̀, tó fi ègún halẹ̀ mọ́ ẹ, ṣì sinmi, ọmọ mi. Agbára pásítọ̀ ò dé orí oorun ẹ. Tó bá wá di pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, a máa sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn níkọ̀kọ̀, torí èyí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìsinmi.

Ó ku kan, má fojú kéré ẹ̀. Lọ rí dókítà. Yẹ BP ẹ wò, jẹ́ kí wọ́n yẹ iye ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ wò, torí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá lọ sílẹ̀ á máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, a ó sì máa pè é ní ìfàsẹ́yìn. Sọ fún un náà pé inú ẹ ò dùn, pé nǹkan tó o fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ ẹ mọ́. Ìsoríkọ́ jẹ́ àìsàn, onígbàgbọ́ ń ṣe é, ìtọ́jú sì wà fún un. Má jẹ́ kí orúkọ ọsibítù ọpọlọ ní Yábàá tàbí Àrò bà ẹ́ lẹ́rù. Ní Àrò ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó wà nítòsí, ìbátan wọn kan bá wọn gbé ibẹ̀, wọ́n ń bá ará abúlé ṣe oko wọ́n ń bá wọn jẹun, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé ló wá wo bí Lámbò ṣe ń ṣe é. Oògùn àti èèyàn, ó lo méjèèjì pọ̀. Tó bá sì ti ń ṣe ẹ́ bíi ti Èlíjà, bíi pé kó o sùn kó o má jí mọ́, má dúró de lẹ́tà mi kejì, sọ fún ẹnì kan lónìí kí wọ́n sì gbé ẹ lọ sí ọsibítù.

Saturday tó ń bọ̀ yìí, má lọ ríhásà. Láti Thursday ni kó o ti sọ fún kúáyà másítà, kó má bàa máa wá ẹ. Sùn títí tí oòrùn á fi yọ. Tó o bá jí, se oúnjẹ tó o fẹ́ràn, pe ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì yẹn kó wá bá ẹ jẹ ẹ́, kó o sì sọ ohun tó o sọ fún mi yìí fún un bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn, kó o kọ èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó o sì sọ fún mi ohun tí pásítọ̀ sọ.